Orúkọ Lẹ́nu Bodè Ìràwọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká, ẹ sún díẹ̀ kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà gbà. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kó lọ bu omi mu nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde mọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín kì í ṣe ti ìjàpá, kì í sì í ṣe ti ọba tó fi ìlú sílẹ̀ wọgbó. Ti obìnrin kan ni, tó mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí wọ́n bi í ní ìbéèrè tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè dáhùn, tí òun kò sì rí i dáhùn. Mo ṣèlérí pé n ó sọ ọ́ délẹ̀. N kò ní sáré o. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi, a kò sì gbọ́ ọ rí pé igi sá fún un.

"Ẹ pe orúkọ ọmọ."

Ohun tó sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èèyàn. Etí ni wọ́n ń pè é. Ó rí roboto bí ìdérí ìkòkò, wọ́n kàn án mọ́ òpó lẹ́nu bodè ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní Agboolé Ìràwọ̀, ní pápá tó wà nísàlẹ̀ òkè ìlú Òkè-Àgbọ̀n. Kò lójú, kò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́, ó sì ń fọhùn. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn abiyamọ tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ohùn kan náà yìí ló sì ń sọ ní gbogbo bodè Ìràwọ̀, láti etí òkun títí dé ibi tí yanrìn ti gbé odò mì.

Fadérera la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Ẹ pe orúkọ ọmọ," ni Etí tún wí. Kò bínú. Etí kì í bínú.

Oòrùn ti ń yẹ̀ kúrò ní àtàrí, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kò bá a lọ. Èrò tò lẹ́yìn obìnrin náà bí ìjàlọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ tí Fadérera dì lọ́wọ́ mú gbójú sókè wò ó. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́fà. Eyín iwájú rẹ̀ ti ká, ahọ́n rẹ̀ kò sì yé yọjú níbi àlàfo náà bí aláǹgbá lójú fèrèsé.

"Ìyàwó," ni ọmọ náà wí, "ẹ dá a lóhùn kẹ̀, ẹsẹ̀ ń ro mí."

"Mo ti gbọ́, Eyínfúnjowó. Ní sùúrù."

"Ìyẹn kọ́ ni orúkọ tó wà lára ọmọ yìí," ni Etí wí.

Gbogbo ọmọ ìgbà yẹn ló ní hóró kan lábẹ́ awọ ọrùn ọwọ́, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Lọ́jọ́ ìkómọ ni wọ́n ń fi í síbẹ̀, orúkọ tí òbí sọ ọmọ ló sì wà nínú rẹ̀. Etí ti ka ti ọmọ yìí, ó mọ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ ló ń wá. Ohùn ẹni tó ń pè é ló ń wá.

Ṣé ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nínú ilé ọkọ lórúkọ. Ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n ṣì ń pọ̀n sẹ́yìn, bó bá ti ṣáájú ìyàwó wọ inú ilé, ọkọ ni. Ìyàwó á wá orúkọ mìíràn tó dùn fún un, òun ni yóò máa pè é títí ikú. Ọjọ́ tí wọ́n mú Fadérera wọlé ọkọ, ẹ̀yìn ìyá ọkọ rẹ̀ ni ọmọ yìí wà tó ń mu àtàǹpàkò. Ó yọ àtàǹpàkò lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín sí ìyàwó tuntun, eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù sì funfun báláú. Ibẹ̀ ni Fadérera ti sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, orí ìkúnlẹ̀ náà ló sì ti ṣèlérí fún ìyá ọkọ pé orúkọ àbísọ ọmọ náà kò ní ti ẹnu òun jáde láé. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìyàwó ni kò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Fadérera kà á sí. Abúlé ló ti wá.

Lẹ́yìn náà ni omi gba oko, ó gba ilé. Ìyá ọkọ kú sínú àgọ́ àwọn tí omi lé. Ẹbí túká. Adégbìtẹ́, ọkọ Fadérera, lọ sí Èkó, ó ń bá wọn mọ odi tí wọ́n fi ń dí òkun, ó sì fi àbúrò rẹ̀ ti ìyàwó rẹ̀ ní Òkè-Àgbọ̀n. Àwọn aládùúgbò kò gbọ́ orúkọ mìíràn fún ọmọ náà ju èyí tí ìyàwó ń pè é lọ, òun náà ni wọ́n sì gbà pè é.

Nígbà tí Etí tún bèèrè, Fadérera wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ bu ẹran nínú ìkòkò ìyálé.

"Ọmọ́..." Ó dákẹ́. "Ọmọ́yẹni."

Orúkọ náà jáde bí ẹni tó ń wọ odò tí kò mọ bó ṣe jìn tó.

Iná pupa tàn lára òpó. "Ahọ́n àlejò ni èyí," ni Etí wí. "Ẹni tó ń bá ọmọ gbé kì í pe orúkọ rẹ̀ báyìí. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. "Ọmọ yíyá ni," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn. Ẹlòmíràn pòṣé. Obìnrin tó tẹ̀lé Fadérera fa ọmọ tirẹ̀ mọ́ra, bí ẹni pé àrùn tó ń ràn ni.

Ẹni tó wá mú wọn kúrò lójú oòrùn ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣijúwadé, tó ń mójú tó bodè náà fún Ìràwọ̀. Ọkùnrin tó ti ń dàgbà ni, ó fi aṣọ ìnura tútù kọ́rùn, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń pẹ̀tù sí àwọn tí Etí kọ̀. Ó mú wọn dé abẹ́ àtíbàbà, òun fúnra rẹ̀ jókòó kó tó rántí pé ó yẹ kí òun ní kí wọ́n jókòó.

"Ẹ má bínú, Mà. Ọmọ ta ni?"

"Ọkọ mi ni."

Ọkùnrin náà wò ó.

"Àbúrò ọkọ mi, Sà. Mo bá a nílé ni."

"Ìyàwó mi ni," ni ọmọ náà fi kún un, ó fọwọ́ sọ̀yà.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣijúwadé fi aṣọ ìnura nu ojú, ó pẹ́ nínú rẹ̀. "Ó ti yé mi. Ìyá ìyá mi rí bẹ́ẹ̀. Títí tó fi kú, Akọ̀wé ló ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ kan, ọkùnrin náà kò sì mọ lẹ́tà A yàtọ̀ sí àkàbà."

"Ẹ ṣeun, Sà. Ó yé yín nìyẹn."

"Ó yé mi, Mà. Ṣùgbọ́n Etí kò ní ìyá ìyá."

"Ẹ bá mi sọ fún un."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Èmi alára, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún mi láàárọ̀." Ó sọ aṣọ ìnura sórí itan. "Àwọn èèyàn ló fà á. Ẹ mọ̀ pé ilé tó bá ní ọmọ ní Ìràwọ̀ nìkan ni omi ẹ̀rọ ń wọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yá ọmọ ọlọ́mọ mú wá, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń kọ́ orúkọ rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi gbé Etí dé lọ́dún yìí nìyẹn. Ẹni tó ń pe ọmọ kó dìde lórí ẹní, tó ń pè é wá jẹun, tó ń pariwo rẹ̀ kó má baà já sí gọ́tà, Etí máa ń mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jẹ́ kí n pe ọkọ mi lórí fóònù. Òun á pè é wẹ́rẹ́."

"Ohùn inú fóònù kò wọ̀ ọ́. Ẹni tí yóò máa mú ọmọ wá ni yóò pè é. Àràárọ̀ lẹ ó máa pe orúkọ lẹ́nu bodè yìí kí wọ́n tó ṣí i."

"Bí mo bá wá mú un padà sílé ńkọ́? Kó di àmọ́dún."

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó fi agbọ̀n pọn omi. "Ó ti pé ọdún mẹ́fà, Mà. Bí fèrè bá dún nírọ̀lẹ́ yìí tí kò sí lábẹ́ agboolé kankan, Orísun, agboolé tó wà lódìkejì pápá yẹn, ló ni ín. Òfin ni."

Fadérera mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀. Ìjọba ti ti ilé-ìwé tirẹ̀ pa láti ayé àwọn bàbá wọn, àwọn agboolé ẹ̀kọ́ ló sì pín orílẹ̀-èdè ńlá náà mọ́wọ́. Agboolé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka ní ìlú gbogbo, aṣọ kan, ẹ̀kọ́ kan, ẹ̀kọ mímu kan náà láàárọ̀. Gbólóhùn tí ọmọ etí òkun bá ń kà, èyí tó wà nínú yanrìn ń kà á ní wákàtí kan náà. Ẹni bá mú ọmọ wọ ọ̀kan kò lè mú un jáde lọ sí òmíràn. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ohun tí àwọn àgbà wí nìyẹn. Láyé tiwọn yìí, agboolé ni wọ́n ń wò.

"Kí ni kí n wá ṣe, Sà?"

"Mo lè jẹ́ kẹ́ ẹ tún dúró níwájú Etí lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá kọ̀ yín lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á kà á sí ọmọ yíyá, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹ má yára." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí òdìkejì pápá, níbi tí ọkọ̀ ojú irin funfun kan dúró sí lẹ́nu bodè Orísun. "Àwọn wọ̀nyẹn kì í bèèrè orúkọ. Wọ́n á gbé e lọ sókè ọya lónìí. Wọ́n ń kọ́ ọmọ dáadáa, n kò ní parọ́. Ọmọ máa ń padà wálé nígbà tó bá dàgbà, bí iṣẹ́ wọn bá fún un láyè."

"Kò sí ọ̀nà mìíràn?"

Ọ̀gbẹ́ni Ṣijúwadé wo ọmọ náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Orúkọ tó rọ̀ yín lẹ́nu yẹn. Alágbàtọ́ lè pààrọ̀ orúkọ ọmọ lẹ́nu bodè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo lè fi èyí tí ẹ ń pè é sínú hóró rẹ̀, kẹ́ ẹ pe ìyẹn fún Etí."

"Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wá ńkọ́?"

"Á parẹ́, Mà. Kò ní sí ẹ̀rọ kan ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí tí yóò tún mọ̀ ọ́n. Ìwé tó bá gbà, ilé tó bá kọ́, òkúta orí oórì rẹ̀ pàápàá, èyí tuntun náà ni."

"Ta ló parẹ́?" ni ọmọ náà bèèrè.

Ọkùnrin náà dìde, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó padà sí bodè, nítorí Etí ti tún kọ ẹlòmíràn.

Obìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì náà tó ń dúró de aṣọ ilé-ìwé ọmọkùnrin rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ń rán aṣọ náà bó ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ìyá Fìjábì ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ti gbọ́, kò sì díbọ́n bí ẹni pé kò gbọ́.

"Ìyá ọmọ, ẹ má sunkún níbí o. Wọ́n ní omijé ń ba bẹ́ǹṣì wọn jẹ́."

"N kò sunkún."

"Ó yẹ kẹ́ ẹ sun díẹ̀. Bóyá kẹ́ ẹ mú un lọ sí Òkè-Ọlá, agboolé àwọn olówó." Ó fi ètè júwe ilé dígí tó wà lórí òkè kejì. "Mo gbọ́ pé wọ́n ń rọ òjò lé wọn lórí nínú kíláàsì, kí wọ́n lè mọ bí òjò àtijọ́ ṣe rí. Tèmi rèé, ọjọ́ tí òjò wọlé mi, mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ mi."

Fadérera kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín fà á létè. "Orísun ńkọ́? Ẹ mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀?"

Ìyá Fìjábì wo ọkọ̀ funfun náà. "Àkọ́bí mi wà níbẹ̀."

"Ó dára fún un?"

"Ó sanra. Ó mọ̀wé. Ó ń yọjú sí mi lójú dígí fóònù lọ́dọọdún. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí mo bi í pé ṣé ó rántí ọbẹ̀ ìṣapá mi, èyí tí ó máa ń lá àwo rẹ̀. Ó ní, 'Ẹ ṣeun, Mà.'" Ó tún gèlè rẹ̀ tí kò tú wé. "Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. N kò lè sọ pé wọ́n ṣe é níbi. Ìwà rere ni wọ́n kọ́ ọ."

Nígbà tí Fadérera máa fi wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ kò sí níbẹ̀. Ó dìde fùú. Ọmọ náà ti rìn lọ síwájú bodè Orísun, níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ jáde, ó dúró sínú rẹ̀, ó di ojú. Obìnrin kan tó wọ aṣọ búlúù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fún un ní omi inú ife. 

"Eyínfúnjowó, máa bọ̀."

Ọmọ náà yíjú lójú ẹsẹ̀, ó sáré wá, ife lọ́wọ́. "Ìyàwó, wọn kò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn fún mi lómi ni. Ẹ tọ́ ọ wò, ó tutù."

Obìnrin aláṣọ búlúù rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Fadérera. "A wà níbí, Mà. Ẹ má jẹ́ kí ara ni yín."

Fadérera tọ́ omi náà wò. Lóòótọ́ ló tutù. Láti àárọ̀, kò sí ẹnikẹ́ni tó tíì fún un ní ohun tó dára bẹ́ẹ̀, èyí gan-an ló sì bà á lẹ́rù.

Ó pe Adégbìtẹ́ lórí fóònù. Ìró òkun ló kọ́kọ́ wọlé kí ohùn ọkọ rẹ̀ tó dé. Ó rò ó fún un bó ṣe rí.

"Pè é, Fadé," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Pe orúkọ rẹ̀."

"Mo ti pè é. Ahọ́n mi ni kò mọ̀ ọ́n. Kì í sì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣèlérí fún."

"Màmá ti kú."

"Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú. Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n."

Ìgbì kan lu ara odi, ó pẹ́ kí ohùn rẹ̀ tó padà. "Ṣé o mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá fi wá orúkọ yẹn? Ó ti sú wa. A ní kí wọ́n sọ ọmọ ní nǹkan kan ká lè jẹun. Wọ́n ní àwọn kò tíì rí èyí tó yẹ ẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Èyí tí o bá mú náà ni. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò lè rò ó mọ́. Wọ́n ń pè wá sórí odi."

"Ẹ máa rọra," ni Fadérera wí, ṣùgbọ́n òkun nìkan ló gbọ́ ọ.

Wọ́n padà sábẹ́ àtíbàbà. Ìyá Fìjábì ti lọ. Òjìji òpó ti ń gùn lórí ilẹ̀. Fadérera fa ọmọ náà sórí itan.

"Kọ́ mi," ni ó wí.

"Kí ni?"

"Orúkọ rẹ. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pè é."

Ọmọ náà gbé ojú tíṣà wọ̀. "Ẹ sọ pé Ọmọ́."

"Ọmọ́."

"Ẹ sọ pé yẹni."

"Yẹni."

"Ẹ sọ ọ́ pọ̀."

Ó sọ ọ́ pọ̀. Ó sọ ọ́ léraléra títí ẹnu fi gbẹ. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ pé kò dára. Bí ẹni tó ń ka orúkọ àjèjì kúrò lára ògiri ló rí. Orúkọ tó ń kọ́ ni, kì í ṣe orúkọ tó ń pè. Etí yóò gbọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

"Ṣé o fẹ́ wọ ọkọ̀ funfun yẹn?" ni ó bi ọmọ náà.

"Ṣé ẹ ó bá mi wọ̀ ọ́?"

"Rárá."

"Ta ni yóò máa di irun mi?"

"Wọ́n máa ń gé irun níbẹ̀."

Ọmọ náà fọwọ́ kan ṣùkú orí rẹ̀. "Bí a bá dúró níbí ńkọ́?"

"Wàá máa wálé lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n á gba orúkọ rẹ."

"Èwo?"

"Èyí tí Màmá rẹ sọ ọ́."

Ọmọ náà fi ahọ́n ti àlàfo eyín rẹ̀, ó ń rò ó. Kò sunkún. Ó kàn sọ ọ́ bí ọmọdé ṣe ń sọ ohun tó hàn sí gbogbo ayé.

"Ẹ ò kúkú pè é rí."

Fadérera tún aṣọ ọmọ náà ṣe léjìká.

"Bùọ̀dá nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀," ni ọmọ náà ń bá a lọ, "Bùọ̀dá sì wà nínú òkun. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pè mí. Mo máa ń pè é fún ara mi nígbà míì, nígbà tí ẹ bá lọ pọnmi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ wà tó jẹ́ pé bó bá wọni lára, èèyàn kì í pariwo. Fadérera jókòó. Ó ti fi ọ̀wọ̀ wé orúkọ náà láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, bí wọ́n ṣe ń fi ewé wé obì, ó gbé e sí ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní kàn án, ó sì lérò pé ìtọ́jú ni òun ń ṣe. Obì tí a kò tú wò á máa gbẹ nínú ewé.

Ó dìde, ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ṣijúwadé.

"Ẹ fi Eyínfúnjowó sí i."

"Ṣé ó dá yín lójú, Mà? Mi ò lè yọ ọ́ mọ́."

"Kò dá mi lójú, Sà. Ẹ fi sí i."

Ọkùnrin náà fi ohun kan tó rí bí abẹ́rẹ́ kan ọrùn ọwọ́ ọmọ náà. Ọmọ náà ní ó ń rìn ín. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ ju kí èèyàn fi sín lọ, orúkọ tí obìnrin kan fi ọ̀sẹ̀ kan wá sì kúrò lára ọmọ rẹ̀.

Wọ́n tún dúró níwájú òpó. Èrò ti tán.

"Ẹ pe orúkọ ọmọ," ni Etí wí.

"Eyínfúnjowó."

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi tó mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀. Jíjí lóru wà nínú rẹ̀, ìbà wà nínú rẹ̀, ẹ̀bà tí ọmọ kọ̀ láti jẹ àti bàtà tó sọnù, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ohùn náà, kò sì sí ẹ̀kọ́ ojú ọ̀nà kan tó lè fi irú rẹ̀ síbẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé tàn. "Ẹ káàbọ̀ sí Ìràwọ̀, Eyínfúnjowó," ni Etí wí. Kò pẹ́ sígbà náà tí fèrè fi dún. Lódìkejì pápá, ọkọ̀ funfun náà ṣí, ó ń lọ jẹ́jẹ́, àwọn ọmọ kan na ọwọ́ lójú fèrèsé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ sílé. Ó rẹ Fadérera dé eegun. Ọmọ náà ṣáájú, aṣọ tuntun lábẹ́ abíyá, ó ń ta òkúta níwájú bàtà. Èrò ń kọjá, wọ́n ń kí i. "Eyínfúnjowó, o káàbọ̀. Eyínfúnjowó, ṣé ìwọ náà ti di ọmọ Ìràwọ̀?" Ó ń dáhùn. Fadérera ń gbọ́ ọ. Orúkọ tí òun fi ṣeré lórí ìkúnlẹ̀ ti di orúkọ ìwé, gbogbo ayé ni yóò sì máa pè é. Orúkọ kejì kò ní ẹnu kankan nítòsí mọ́ tí yóò pè é.

Níbi tí ọ̀nà ti yà sí ilé wọn, tí kò sí èrò, ó dúró.

"Ọmọ́yẹni."

Ọmọ náà ń lọ.

"Ọmọ́yẹni."

Ọmọ náà dúró, kò yíjú. "Ta lẹ̀ ń pè?"

"Ìwọ ni."

"Wọ́n ní ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ."

"Wọn kì í pè é."

"Etí kò sí níbí. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ wa."

"Mo mọ̀."

Ọmọ náà wá yíjú sí i. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, bí àgbà ilé ṣe ń wo ìyàwó tó ṣe ohun tí a kò tíì rí irú rẹ̀, tí kò sì tíì mọ̀ bóyá kí òun bá a wí. Nígbẹ̀yìn ó mi orí.

"Ẹ ò pè é dáadáa," ni ó wí. "Bí ẹni tó ki iṣu gbígbóná bọ ẹnu lẹ ṣe pè é. Ẹ tún un pè."

Fadérera tún un pè. Ọmọ náà ní rárá. Ó tún un pè. Báyìí ni wọ́n ń gun òkè náà lọ, obìnrin tó ti rẹ̀ àti ọmọ tí kò gbà fún un, orúkọ kan náà sì ń ṣubú lẹ́nu rẹ̀, ó ń dìde, ó ń ṣubú, títí wọ́n fi wọlé.

Ibi tí wọ́n bá a dé fún mi nìyẹn, ibẹ̀ náà ni mo gbé e kalẹ̀ sí. Obìnrin arúgbó kan ló sọ ọ́ fún mi, lábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó parí, mo bi í pé bí mo bá tún ìtàn yìí sọ níbòmíràn, ta ni kí n wí pé ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní bó bá jẹ́ ìjọba ló bèèrè, kí n sọ èyí tó wà lára hóró. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èèyàn bíi tiyín ló jókòó tì mí, kí n sọ fún yín pé Ọmọ́yẹni ni.